Ká Fi Ọjọ́ Ọjà Ka Oyún: Ọ̀rọ̀ Lórí Fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la

Ọ̀rọ̀ aboyún la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí àwọn ọkùnrin má tíì dìde o. Tiyín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Nǹkan pọ̀ tí èèyàn lè fi dọ̀la tí kò ní pa á lára. Òrùlé tó ń jò díẹ̀, ẹ lè fi báàfù gbe omi rẹ̀ títí ẹ ó fi rí páànù rà. Ẹ lè bẹ olówó pé kó ní sùúrù. Oyún kì í gba ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá dá ló ń dá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Obìnrin kan ń rọbí ní aago méjì òru. Òjò ń rọ̀. Ọkọ wà lábà. Owó tó wà nílé ò ju ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lọ. Ẹni tó ní fóònù ò ní kírédì. Oní-zém tí wọ́n mọ̀, wọn ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá ọkọ wá ní òun ò lè dá sọ̀rọ̀, àfi kí ọmọ òun dé. Ẹ wo gbogbo nǹkan tó dá wọn dúró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ni wọn ò mọ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní àwọn á ṣe é tó bá yá ni. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì péré tí kò bá rí ìtọ́jú. Wákàtí méjì lè tán níbi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn kiri láti yáwó.

Kí ló wá dé tí a kì í tètè múra? Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Èmi ò gbà. Obìnrin tó jí ní dájí, tó pọnmi, tó ru gàrí lọ sọ́jà pẹ̀lú oyún nínú, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ létí mi. Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀rù wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kí èèyàn máa pariwo oyún, wọn kì í sì í fẹ́ ká ra aṣọ ọmọ tí a ò tíì fojú rí. Mi ò bá wọn jà. Ẹ fi fìlà ọmọ sílẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n owó tí èèyàn so mọ́ etí aṣọ, ta ló kọ orúkọ ọmọ sí i lára? Àdéhùn tí ẹ bá oní-zém ṣe, ayé wo ló máa rí i?

Ohun kejì ni pé oṣù mẹ́sàn-án jìnnà lójú. Wọ́n á ní kí aboyún múra sílẹ̀, iṣẹ́ náà á wá dà bí oko ńlá tí èèyàn ò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ẹni tó bá wo irú oko bẹ́ẹ̀, á padà lọ sùn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ọrọọrún la ń ná ọjà wa: ẹ ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́ta á wà láàárín, ẹ tún ná an. Kò sí ìyá ọlọ́jà kankan tó ń gbàgbé rẹ̀, ì báà mọ̀wé, ì báà má mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Kálẹ́ńdà ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ka oyún. Láti ìgbà tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn títí dé ìbímọ, nǹkan bí 280 ọjọ́ ni. Tí ẹ bá fi ọjà kà á, 70 ọjà ni. Ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta ṣì ní nǹkan bí 47 níwájú. Ọmọ lè yá ju bí a ṣe rò lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sí 45. Ẹ mú èédú, ẹ fa ilà 45 sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ pa ilà kan rẹ́, kí ẹ sì ti ṣe nǹkan kan ṣoṣo fún oyún náà. Ẹyọ kan ni o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọjà àkọ́kọ́, ẹ yà sí ilé ìgbẹ̀bí kí ẹ gba ìwé oyún. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí àwọn kan ń dúró kí ikùn yọ síta kó tó lọ. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí àwọn olùtọ́jú nígbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìdí wà níbẹ̀. Òògùn tí wọ́n ń fún aboyún kí ibà má baà ṣe òun àti ọmọ, láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó lò ó, oṣù kan ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan àti èkejì. (Agbẹ̀bí ló máa sọ bóyá ó tọ́ sí yín, ẹ má lọ rà á lórí àtẹ.) Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ nígbà tí oyún ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ, báwo ló ṣe máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta? Kò sí owó tó ń ra oṣù tó ti kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Ẹni tó bá ń yọ 300 sẹ́fà sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, 45 ọjà máa fún un ní 13,500. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ra ẹja o, torí lẹ́yìn ẹja, ata á pè yín, lẹ́yìn ata, ọmọ á ní òun fẹ́ jẹ àkàrà. Àwọn tó ń dá àjọ, ẹ bi olórí àjọ pé ọjọ́ wo ló kàn yín. Tó bá bọ́ sí ẹ̀yìn ìbímọ, ẹ bẹ ẹlòmíì kí ẹ jọ pààrọ̀ kí tiyín lè wá sí oṣù kẹjọ. Obìnrin tó ti jẹ gbèsè tán nítorí ìbímọ kó tó kó àjọ pọ̀ láàárín wa.

Àwọn kan á ní ṣebí iṣẹ́ abẹ ìbímọ jẹ́ ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni, láti ọdún 2009 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń sanwó rẹ̀ láwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Àmọ́ ìjọba kọ́ ló máa san owó zém láti abà yín dé ilé ìgbẹ̀bí lóru, òun kọ́ ló sì máa bọ́ ẹni tó jókòó ti aboyún.

Ẹ̀yin baba, ó kàn yín. Ẹ pe ìyá yín, ẹ pe àbúrò yín, kí ẹ sọ ọ́ lójú ìyàwó pé: “Tí mi ò bá sí nílé, ẹ má dúró dè mí, ẹ máa gbé e lọ.” Gbólóhùn yẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀. Lọ́jà mìíràn, ẹ wá èèyàn méjì tí ara wọn le, tí wọ́n gbà pé àwọn á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí ilé ìwòsàn bá béèrè. Ẹ wo ìgbà tí ìlà á tán, bóyá àsìkò òjò ni. Tó bá jẹ́ pé omi máa ń dí ọ̀nà yín nígbà yẹn, ẹ wá mọ̀lẹ́bí kan nítòsí ilé ìgbẹ̀bí tó lè gba aboyún sílé kí ọjọ́ tó pé.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìlà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí wọn kì í dúró de ọjà: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, ojú tàbí ọwọ́ tó wú, gìrì, ibà tó gbóná, omi tó ti tú, tàbí ọmọ tí kò mira mọ́ nínú. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ máa lọ.

Níbi ìjókòó ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí aboyún tó bá fẹ́ sọ iye ọjà tó kù fún un. Kí ẹ ránṣẹ́ pe oní-zém àdúgbò, kí ẹ bi í lójú gbogbo ẹgbẹ́ iye tó ń gbà lóru, kí èèyàn méjì sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Tó bá ní òun kì í jáde lóru, ẹ má bá a jà. Ẹ wá ẹlòmíì, ìlà ṣì kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn.