Irun, Àwọ̀ àti Ìrísí Ajá ní Ìbà: Lhasa Apso àti Ajá Ìbílẹ̀ nínú Àpèjúwe Yorùbá

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí kò yọ ajá sílẹ̀. Ní Ìbà Housing Estate, ọ̀kan lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Lateef Jákàńdè kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 1979 sí 1983, oríṣi ajá méjì lè pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan kéré, irun bò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀, okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Irun èkejì lẹ̀ mọ́ ara, etí rẹ̀ dúró, ó ń rìn káàkiri bí ẹni tí kò ní olúwa. Lhasa ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́. Bingo lásán ni wọ́n ń pe èkejì. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí lára àwọn méjèèjì, àti bí èdè Yorùbá ṣe lè sọ ọ́ yékéyéké.

Ilẹ̀ Tibet ni Lhasa Apso ti ṣẹ̀ wá. Ìlú Lhasa ga tó nǹkan bí mítà 3,650 ju ojú òkun lọ, otútù ibẹ̀ sì pọ̀. Nínú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ni ajá yìí ti ń ṣọ́lé. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà FCI, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń to ẹ̀yà ajá, akọ rẹ̀ ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 ní èjìká. Abo kéré sí i díẹ̀. Ara rẹ̀ gùn ju gíga rẹ̀ lọ, imú rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ká sórí ẹ̀yìn. Ìpele méjì ni irun rẹ̀: ti òde gùn, ó wúwo, ó nà tààrà, ó sì le díẹ̀ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ rí bí òwú tàbí sílíìkì. Irunmú àti irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀, irun orí rẹ̀ sì ń ṣíji bo ojú.

Ìlànà náà gba àwọ̀ wúrà, iyanrìn, oyin, èéfín, dúdú, funfun àti àdàlù. Àwọ̀ mẹ́ta gbòógì ni Yorùbá ní: dúdú, funfun àti pupa. Ẹni tí kò mọ ìjìnlẹ̀ èdè lè rò pé wọn kò tó. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ló ń pín wọn sí wẹ́wẹ́: dúdú kirikiri yàtọ̀ sí dúdú lásán, pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú, funfun báláú kò sì gba àbàwọ́n. Tí àwọ̀ bá dà pọ̀, a ní abilà fún onílà, àdíkálà fún alámì.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá fi ohun kan hàn tó yẹ kí onímọ̀ èdè kíyè sí. Èròjà àwọ̀ méjì péré ló wà nínú irun ajá: eumelanin, tó ń mú dúdú wá, àti pheomelanin, tó ń mú pupa wá láti orí oyin dé orí bíi amọ̀. Ibi tí kò bá sí èròjà kankan, funfun ni. Mẹ́ta yìí bá mẹ́ta ti Yorùbá mu. Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá mọ èròjà náà; Berlin àti Kay ti fi hàn ní 1969 pé dúdú, funfun àti pupa ló sábà máa ń ṣáájú nínú èdè púpọ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn pé èdè náà kò ṣaláìní ohun èlò. Ní ti gígùn irun, ìwádìí kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé jíìnì mẹ́ta, FGF5, RSPO2 àti KRT71, ló fa ọ̀pọ̀ jù lọ ìyàtọ̀ irun ajá: ti àkọ́kọ́ fún gígùn, ti èkejì fún irunmú àti irùngbọ̀n, ti ẹ̀kẹta fún kíká.

Ajá ìbílẹ̀ kò sí nínú ìwé FCI, ṣùgbọ́n Basenji ti agbègbè Kóńgò, tó jọ ọ́ ní etí, irun àti ìrù, wà níbẹ̀. Wọ́n fi í hàn ní ìpàtẹ Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Ẹsẹ̀, àyà àti ṣóńṣó ìrù rẹ̀ máa ń funfun, bíi ti ọ̀pọ̀ ajá tí a ń pè ní Bingo. Ìyàtọ̀ ọlá wọn kò sí lára irun. Inú ìwé ló wà.

Irun tí a fi gba otútù Tibet di ẹrù nínú ooru Èkó. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Híhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Irun tí a kò bá yà máa ń dì, eégbọn a sì fi í ṣe ilé. Nítorí náà, gígé irun Lhasa kì í ṣe ẹ̀gàn sí ẹwà rẹ̀.

Ọ̀ràn tó ga jù ni dìgbòlugi, èyí tí kì í wo irun kó tó mú ajá. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, a gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́, kí a gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ta ni yóò rí ajá tí wọ́n ní ó kàn jẹ́ Bingo? Ṣùgbọ́n ajá pupa rúsúrúsú, tó funfun lẹ́sẹ̀ òsì iwájú àti ní ṣóńṣó ìrù, a lè rí i. Àpèjúwe tó péye kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè nìkan. Ó lè gba ẹ̀mí là.