Níbo Ni Ọmọ Wa Yóò Ti Kọ́ Ìmọ́lẹ̀ Fọ́tò?

Iṣẹ́ fọ́tò ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń fẹ́ ṣe ní ìgbèríko Ìbàdàn. Láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akànràn ní Ọ̀nà-Àrà, òpin ọ̀sẹ̀ kì í dé kí a má rí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà, a kì í sì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn láìya fọ́tò. Bí ọmọ bá ti sọ pé iṣẹ́ yìí ni òun yàn, owó kámẹ́rà ni òbí kọ́kọ́ máa ń rò. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yóò tún wá sọ fún un pé ilé fọ́tò kò lè pé láìsí iná ńlá mẹ́ta, agboòrùn funfun àti jẹnẹrétọ̀. Ìyá yóò ta ewúrẹ́, yóò gba èésú, iná yóò sì dé. Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ojú ìyàwó yóò funfun bí ẹfun nínú fọ́tò, àwọn oníbàárà yóò sì gba ibòmíràn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ̀ ni pé ọmọ lè mọ ìmọ́lẹ̀ í lò kí ó tó ní iná kan ṣoṣo, àti pé àwọn ibi tí ó ti lè kọ́ ọ súnmọ́ wa ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó fẹ́ kọ́ gan-an. Ibi tí a gbé iná sí, bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti bí ó ti jìnnà sí ẹni tí ó jókòó: ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ojú kékeré wá, bí i gílóòbù tí a kò fi nǹkan bò tàbí oòrùn ọ̀sán gangan, a máa gé òjìji bí ọ̀bẹ. Èyí tí ó ti ojú gbígbòòrò wá, bí i fèrèsé tí a ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, a máa rọra yí ojú ènìyàn ká. Bí a bá sì gbé iná tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí oníbàárà lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 6, ìmọ́lẹ̀ tí ń bà á kì í dín kù sí ìdajì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yóò ṣẹ́ kù. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí ògiri ẹ̀yìn fi máa ń ṣókùnkùn nígbà tí iná bá súnmọ́ ojú jù, kò sì ní í tìtorí ògiri ra iná kejì.

Ẹyin adìẹ kan ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé e sórí aṣọ funfun lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn kò gbà wọlé tààrà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Kí ó pa iná ilé, nítorí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àti ti ojúmọ́ kì í bára mu: apá kan ẹyin yóò pọ́n bí epo, èkejì yóò dà bí ohun tí a rẹ sínú aró. Fóònù lásán tó láti fi yà á. Kí ó wá gbé páálí funfun sí òdìkejì fèrèsé, kí ó wo bí òjìji yóò ti dín kù; kí ó fi aṣọ dúdú rọ́pò páálí náà, kí ó wo bí òjìji yóò ti jinlẹ̀. Lẹ́yìn ẹyin, ìkòkò irin dúdú ni ó kàn. Ohun dúdú tí ń dán dà bí dígí, ohun tí ó bá dojú kọ ọ́ ni ó ń gbé jáde. Gílóòbù kan yóò hàn lára rẹ̀ bí àmì funfun kékeré, ìyókù yóò sì ṣú. Ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ funfun tí ó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ gba inú aṣọ náà wá, gbogbo ìhà ibẹ̀ yóò mọ́lẹ̀, ìrísí ìkòkò yóò sì yọ kedere.

Ẹ̀kọ́ inú ìkòkò yìí ni a ó lò fún awọ ara tiwa. Awọ dúdú a máa dán, ojú ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀ ni ó sì ń fi ẹwà rẹ̀ hàn. Kì í ṣe iná tí ó le koko. Ó pẹ́ kí àwọn tí ń ṣe fíìmù tó ka èyí sí. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ fọ́tò, tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é, awọ obìnrin náà ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n gbogbo àwọ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó ṣe irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀kọ́ kan láti òkè òkun bá ní kí a gbé iná síbí tàbí sọ́hùn-ún, kí ọmọ béèrè irú awọ tí wọ́n fi dán an wò. Ní tèmi, inú mi kì í dùn sí àwọn onífọ́tò tí ń sọ gbogbo ìyàwó di apọ́nbéporẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ bí a ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọmọ adúmáadán.

Aṣọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná tí ó bá wá láti iwájú gangan a máa tẹ́ aṣọ òkè pẹrẹsẹ, kò ní í yàtọ̀ sí ańkárá. Bí ó bá wá láti ẹ̀gbẹ́, a ó rí òwú àti ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì wá láti òkè orí, gèlè yóò ṣíji bo ojú. Ìdí nìyí tí fọ́tò tí a yà níta ní aago méjìlá ọ̀sán kì í fi í yẹ obìnrin tí ó wé gèlè ńlá. Kí ó bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú síta.

Ìwé ẹ̀kọ́ kan wà nínú àpótí ìyá àgbà nílé, èyíinì ni àwọn fọ́tò àtijọ́. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ wo ẹyinjú ẹni tí ó jókòó níbẹ̀. Àmì funfun kékeré inú ẹyinjú ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá; bí ó bá jẹ́ méjì, iná méjì ni. Ẹ wo òjìji abẹ́ imú, yóò sọ bí iná náà ti ga tó. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó sì gbé e jáde ní 1978, ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí ìbejì lè pé. Ẹ rò ó wò bí ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dọ́gba tó kí ojú ìsopọ̀ má baà hàn. Àwọn àgbà onífọ́tò tí wọ́n mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá wà ní ìlú yín, kí ọmọ lọ kí i, kí ó gbé obì dání, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí òkìkí wọn kàn ti kọ́ ọ. Aládùúgbò kan ni ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà han J. D. ’Okhai Ojeikere, ẹni tí ó ya oríṣiríṣi irun dídì àwọn obìnrin wa láti 1968. Ìbàdàn níbí ni ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìfọfọ́tò ti ìjọba ní 1954. Seydou Keïta ti Bamako, ojúmọ́ inú àgbàlá ilé rẹ̀ ni ó fi ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín 1948 sí 1962, aṣọ títa sì ni ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Felicia Abban nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Jamestown, ní Accra, ní àwọn ọdún 1950, ó sì fi ‘Ọ̀sán àti Òru’ kún orúkọ rẹ̀ ní èdè òyìnbó. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì di olóògbé ní 2024.

Ọmọ tí ó bá gbọ́ òyìnbó dáadáa lè wá ìwé Fil Hunter àti Paul Fuqua, Light: Science and Magic, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1990. Kò rọrùn í kà. Kí ọmọ méjì pawọ́ pọ̀ rà á. Ẹ̀kọ́ orí YouTube pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n a ń jẹ owó dátà níbẹ̀: kí ó wo ẹyọ kan, kí ó sì gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó wo òmíràn. Fún èyí tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí, fọ́tò wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọnà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí i Poli Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, àti Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, nítorí náà ọ̀nà Yábàá kò le bí ti àtijọ́.

Bí ó bá wá di ìgbà tí a ó ra iná, kí ó jẹ́ ẹyọ kan, LED tí ó lè lo bátìrì. Iná àtijọ́ a máa gbóná, kò yẹ kí ó súnmọ́ aṣọ, ó sì ń fa epo jẹnẹrétọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́. Kí òbí tó san owó, kí ó lọ jókòó nínú ilé fọ́tò náà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, kí ó sì wo ẹni tí ń gbé iná. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni ó ń fọwọ́ kan iná, tí àwọn ọmọbìnrin ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ dìde ńlẹ̀. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: oṣù tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í to iná fúnra rẹ̀, ìgbà tí yóò dá ya oníbàárà, àti ẹni tí yóò mú un dé ilé bí òde alẹ́ bá pẹ́ ní Ẹrúnmu tàbí Ìjàyè tí ọkọ̀ sì ti tán lójú ọ̀nà. Ọ̀gá tí kò bá gbà kí a kọ èyí tí ó kẹ́yìn yìí sílẹ̀, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún un.