Bí ọmọ yín bá fẹ́ máa ta bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó ṣe fúnra rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òwò la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò aṣọ, kì í ṣe ti oúnjẹ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í jáde ní yàrá mọ́: wáyà kún orí tábìlì, iná pupa ń ṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan ọmọ á ní, "Dádì, mo fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dù tèmi kí n máa tà á. Ẹ bá mi wá £800." Ẹ má lé e dànù, ẹ má sì tíì fún un lówó. Ẹ ka èyí ná.

Kí ni nǹkan náà gan-an?

Microcontroller ni kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú chip kan ṣoṣo. Ó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ yín, ó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ chip nìkan kò lè dá nǹkan ṣe. Ó fẹ́ ọ̀nà tí iná á gbà wọlé, ó fẹ́ ojú ihò USB, ó sì fẹ́ ibi tí èèyàn á so wáyà mọ́. Pẹlẹbẹ tó gbé gbogbo wọn dání là ń pè ní bọ́ọ̀dù.

Ní 2005, Massimo Banzi, David Cuartielles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ Arduino ní ìlú Ivrea ní Ítálì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè rí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lò. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Lọ́dún yẹn kan náà, Limor Fried bẹ̀rẹ̀ Adafruit láti yàrá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, ó sì di ilé iṣẹ́ gidi. Níbí ní Ìlú Ọba, BBC àtàwọn alájọṣe rẹ̀ pín micro:bit fáwọn ọmọ Year 7 ní 2016. Torí náà, kì í ṣe eré ọmọdé lásán.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: àwòrán Arduino lẹ lè lò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ní olóhun.

Yíyà á kò wọ́n

Ọ̀fẹ́ ni KiCad, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya bọ́ọ̀dù. Ọmọ á kọ́kọ́ ya bí iná ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíì, á wá to àwọn ohun èlò sórí pẹlẹbẹ, á sì fi fáìlì tí wọ́n ń pè ní Gerber ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn wà ní Shenzhen ní Ṣáínà. Bọ́ọ̀dù òfìfo márùn-ún kò ju dọ́là mélòó kan lọ, owó ọkọ̀ rẹ̀ gan-an lè jù ú lọ.

Níbí làwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó ti ń wáyé. Ẹsẹ̀ chip lè má bá ojú tí wọ́n yà fún un mu. Kí ọmọ tẹ àwòrán náà sórí bébà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kó gbé chip lé e, kó wò ó. Kápásítọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọnú chip, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á máa ṣe ségesège. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n sí pé ti àkọ́kọ́ kì í sábà pé. Ẹ ṣírò owó ìgbà méjì, ó kéré tán.

Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní chip àtàwọn ohun èlò bọ́ọ̀dù kan jẹ́ £4.50, pẹlẹbẹ àti owó ẹni tó tò ó jẹ́ £2.50, owó ọkọ̀ àti ti ibodè £1.50, àpò àti ìwé ìlànà 50p, ká wá fi £1 sílẹ̀ fún èyí tó bá bàjẹ́. £10 nìyẹn. Ọmọ á ní òun á tà á ní £14, pé èrè £4 dára. Ibi tó ti ń tà á àti ilé ìfowópamọ́ á mú bíi £1.50. Ó ku £2.50. Bó bá ta 50, £125 ló máa rí, fún iṣẹ́ oṣù mélòó kan!

Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá wá ní òun fẹ́ gbà á tà, tó sì ń gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? £8.40 ló máa san lórí £14. Ẹ ti jẹ gbèsè £1.60 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tó mọ òwò yìí fi máa ń sọ iye tí wọ́n ná di ìlọ́po méjì àbọ̀. Bó bá jẹ́ £25, ṣọ́ọ̀bù á san £15, ẹ̀yin náà á sì jèrè £5.

Ṣé wọ́n máa ra £25? Wọn ò ní rà á bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù lásán. Ní oṣù Kìíní 2021, Raspberry Pi ní Cambridge gbé Pico jáde ní dọ́là 4. Kò sí ọmọ tó lè bá wọn du iye owó jàre. Ohun kan pàtó ni kí bọ́ọ̀dù náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, bíi kó máa wo omi inú ilẹ̀ ọgbà lórí bátìrì kékeré fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kó sì ní ìwé ìlànà tó yéni yékéyéké. Ìwé yẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó fún.

Òfin àti ibodè

Ní Ìlú Ọba, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ń tà gbọ́dọ̀ bá òfin àmì UKCA tàbí CE mu. Ní Amẹ́ríkà, òfin FCC ló wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà da rédíò àwọn ẹlòmíì láàmú. Bó bá ní Wi-Fi, ó sàn kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ti dán wò tẹ́lẹ̀, irú bíi ESP32 tó ti ní nọ́ńbà FCC. Síbẹ̀, ìyẹn ò sọ pé bọ́ọ̀dù yín lódindi ti yege, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Títí di 2025, ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Wọ́n fagi lé e fún ẹrù Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó ń fi ìṣirò àtijọ́ ṣòwò, èrè rẹ̀ á dúró sí ibodè.

Ẹ má sì gba owó oníbàárà kí chip tó wà lọ́wọ́. Ní 2021 àti 2022, chip di ọ̀wọ́n gógó káàkiri ayé. Ẹni tó ti gbowó sílẹ̀ ṣáájú dèrò ẹ̀bẹ̀.

Kí lẹ máa wá sọ fọ́mọ?

Ẹ fún un lówó bọ́ọ̀dù márùn-ún, kì í ṣe £800. Kó kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ bá a ṣe kọ ọ́ lókè yìí, kó wá jókòó tì yín ṣàlàyé rẹ̀. Bí àjèjì mẹ́ta bá lo bọ́ọ̀dù náà, tí wọ́n sì béèrè òmíràn, ẹ jẹ́ kó ṣe 20. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kò bá tiẹ̀ ta ẹyọ kan, ó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa o.