LÉKELÈKE MỌ ÀKÓKÒ RẸ̀

Bí oṣù September bá ti wọlé ni àyà ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ti ń já. Wọ́n ní oṣù ember ti dé, oṣù burúkú ni. Bí ẹyẹ bá bà sórí òrùlé ní òru, gbogbo ìdílé á jí, wọ́n á máa de àjẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ti kọ́ ọ: bí wọ́n bá rí ẹyẹ, òkò ni wọ́n ń wá.

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù December ni a dúró ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Ọyẹ́ ń fẹ́. Mọ́tò ń pariwo lójú títì tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Síbẹ̀, lékelèke ń rìn jẹ́jẹ́ lórí koríko lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́, wọ́n ń ṣa tata jẹ. Àwòdì ń rà bàbà lókè òrùlé páànù. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń kọjá fìrì, wọ́n ń mú kòkòrò nínú afẹ́fẹ́.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí koríko Òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, lékelèke a ṣí wá sọ́dọ̀ wa; bí òjò bá tún padà, wọn a gba òkè lọ. Ta ni nínú àwa àgbà tí kò na ọwọ́ sí lékelèke nígbà èwe, pé kí ó fún òun ní èékánná funfun?

Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tún yani lẹ́nu jù. Èyí tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń pamọ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí giramu 20 lọ, síbẹ̀ ó ń fò la Òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní Ebbaken, ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, iye tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ a máa sùn pọ̀ nínú koríko gíga. Ta ni ó fi ọ̀nà hàn wọ́n?

Ẹ ṣí ìwé Jeremáyà orí 8, ẹsẹ 7. Nínú Bíbélì Yorùbá, orúkọ lékelèke àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Wòlíì náà ní ẹyẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Ọlọ́run kò mọ ìdájọ́ Rẹ̀. Ẹyẹ tí a ń sọ lókò ni Ọlọ́run fi ṣe olùkọ́ wa!

Òwìwí ńkọ́? A mọ̀ pé ọ̀tá wà, a sì mọ̀ pé orúkọ Jésù borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n eku ni òwìwí ń wá lórí òrùlé. Ẹni tí ó pa á, eku ni ó ràn lọ́wọ́. Eré àsápajúdé, ọtí àti táyà tí ó ti gbó ń pa ènìyàn lójú ọ̀nà ní òpin ọdún. Ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀bi awakọ̀ ru ẹyẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí nínú ìsinmi Kérésìmesì:

1. Ẹ kó àwọn ọmọ jókòó sí bákónì ní kùtùkùtù, kí wọ́n ka ẹyẹ tí wọ́n bá rí.
2. Ẹ kọ ọjọ́ tí lékelèke kọ́kọ́ dé sínú ìwé, kí ẹ fi wé ti ọdún tí ń bọ̀.
3. Ẹ gbé omi sínú abọ́ fún wọn nígbà ọyẹ́.
4. Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre, ọgbà hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Létí òkun, ẹ ó rí ẹyẹ funfun tí ń já ṣòòròṣò sínú omi láti mú ẹja.

Bí ọdún ti ń lọ sópin, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ẹyẹ mọ àkókò rẹ̀, àwa ńkọ́? Ta ni a kò tíì dárí jì? Ẹ̀jẹ́ wo ni a kò tíì san? Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí lékelèke gbọ́n jù wá lọ. Àmín.