Ọyẹ́ lórí òkè

Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Ìdáàṣà lọ sí Savalou, títí dé Bantè, ẹ óò rí òkè olókúta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, òtútù máa ń mú lórí àwọn òkè yìí láàárọ̀. Ọyẹ́ ló fà á.

Kí ni ọyẹ́? Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ní apá àríwá. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, eruku ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbé wá, kì í gbé òjò wá.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń mú lọ́sàn-án, tí òtútù sì ń mú lóru? Ní àsìkò òjò, ìkùukùu àti ọ̀rinrin máa ń bo ilẹ̀ bí aṣọ ìbora. Wọn kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè lọ. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ ìbora yẹn kò sí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru á bọ́ lọ sókè.

Lórí òkè, kò sí ilé tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró. Afẹ́fẹ́ á máa gbé ooru ara wa lọ, bí ìgbà tí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kí ó lè tutù.

Bí òkè bá ga gan-an, òtútù rẹ̀ á pọ̀ sí i. Òkè Kilimanjaro ní Tanzania ga tó mítà 5,895. Yìnyín wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà ló wà! Àwọn òkè tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè lásìkò ọyẹ́:

1. Ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ tẹ̀ lé àgbàlagbà tó mọ ọ̀nà.
2. Ẹ wọ aṣọ méjì léra. Bí oòrùn bá mú, ẹ bọ́ ọ̀kan.
3. Ẹ mú omi dání, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀.
4. Ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà là.
5. Bí ẹ ó bá sun ìta, ẹ tẹ́ ẹní. Ilẹ̀ tútù máa ń fa ooru ara.

Ẹ ṣọ́ra fún iná! Koríko ti gbẹ lásìkò yìí. Iná kékeré lè jó oko iṣu àti oko kajú tí àwọn òbí wa fi ń jẹun. Kí àgbàlagbà nìkan dá iná. Kí ó kọ́kọ́ ro koríko ibẹ̀ kúrò. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ó da omi sí i, kí ó rú eérú náà, kí ó sì tún da omi sí i. Ẹyin iná lè fara pa mọ́ sábẹ́ eérú.

Ẹ dáhùn:
1. Níbo ni ọyẹ́ ti ń wá?
2. Kí ló dé tí òtútù fi ń mú lóru lásìkò ọyẹ́?
3. Báwo ni a ṣe ń pa iná kí a tó kúrò lórí òkè?