Kí Ọmọ Tó Wọ KG ní Tamale

Bí ìwọlé ọdún tuntun bá ti ń sún mọ́lé ní Tamale, lápá àríwá Ghana, iṣẹ́ á pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ. Ìyá á ra aṣọ iléèwé, á ra bàtà, á ra báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ọmọ lọ. Ọkàn òbí á wá balẹ̀ pé gbogbo nǹkan ti pé. Àmọ́ ohun tí tíṣà ń wò lára ọmọ tuntun kò sí nínú báàgì. Ṣé ọmọ yìí lè sọ ọ́ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n? Ṣé ó lè fọ ọwọ́ ara rẹ̀? Ṣé ó lè jókòó ti ọmọ ẹlòmíràn láìjà? Bí ìyá bá lọ tán, ṣé ó mọ̀ pé ìyá òun ń padà bọ̀?

Ẹ̀tọ́ ọmọ àti ìwé rẹ̀

Láti ọdún 2007 ni ìjọba Ghana ti sọ ọdún méjì tí ọmọ ń lò ní jẹ́léósinmi, tí wọ́n ń pè ní KG, di ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó jẹ́ dandan tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2008 sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọmọ ọdún 4 ló ń wọ KG1, ọmọ ọdún 5 ló ń wọ KG2, bó bá sì pé ọmọ ọdún 6, ó ń bọ́ sí kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òbí tó bá fi ọmọ sílé títí ó fi pé ọdún 6 ti jẹ́ kí ọdún méjì tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Ìwé tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò pọ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé kíníìkì ọmọ, àti káàdì adójútòfò ìlera. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó adójútòfò náà lọ́dọọdún bíi ti àgbàlagbà, nítorí náà kò sídìí tí òbí yóò fi máa dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kó tó lọ gba káàdì.

Kíníìkì kò tíì parí

Nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá, ìyá kì í pa ọjọ́ wíwọn ọmọ jẹ. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 18, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi àti rubella lẹ́ẹ̀kejì, àti ti àrùn yírùnyírùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ìyá á fi ìwé sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ wíwọn ọmọ kò dáwọ́ dúró títí ọmọ fi máa pé ọdún 5, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì ń fún un ní fítámì A.

Tamale wà lára ilẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn ti máa ń jà, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó lọ láti Senegal títí dé Ethiopia, àsìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbérí. Kíláàsì tí ọmọ pọ̀ sí nínú eruku ọyẹ́ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ pé wọ̀. Kí òbí gbé ìwé náà lọ bá nọ́ọ̀sì ní oṣù bíi méjì kí iléèwé tó wọlé, kó ní kó bá òun wo ibi tó ṣófo nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni kó sọ bí ọmọ bá ń sún mọ́ nǹkan jù kó tó rí i, tàbí bí kì í bá dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn.

Èdè wo ni ọmọ yóò gbọ́?

Ìlànà ìjọba ni pé èdè àdúgbò ni kí tíṣà máa fi kọ́ ọmọ láti KG títí dé kíláàsì kẹta, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Tamale, Dagbani nìyẹn. Ohun tí èdè ìyá ń ṣe fún ọmọ ti hàn lápá àríwá Ghana láti ọdún 1995, nígbà tí ètò School for Life bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 14 tí kò rí iléèwé lọ ni wọ́n ń kó jọ ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń fi èdè wọn kọ́ wọn ní ìwé kíkà fún oṣù 9. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ibẹ̀ bọ́ sí iléèwé ìjọba.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá náà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń ná ọjà Tamale tipẹ́tipẹ́ kí òfin tí ìjọba Ghana ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé púpọ̀ nínú wọn kúrò níbẹ̀. Ní ilé Yorùbá tó wà ní Tamale lónìí, ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, tó ń gbọ́ Dagbani níta, tó sì ń gbọ́ Haúsá lọ́jà, kò sí wàhálà kankan fún un. Kí òbí má fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú rọ́pò Yorùbá. Kó máa bá a sọ Yorùbá tó kún, kó sì jẹ́ kó bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré dáadáa. Ọmọ tó bá lè kí tíṣà pé “Dasiba” ní òwúrọ̀, tó sì mọ̀ pé “Naa” ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ, ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Eré ni iṣẹ́

Ìyá kan da ìdérí ìgò sílẹ̀ lórí ẹní. Kò ní kí ọmọ kà á. Ó ní, “Mú gbogbo èyí tó pupa wá fún mi.” Ọmọ mú mẹ́ta, ó tún mú ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ọsàn, ó wojú ìyá rẹ̀, ó sì dá a padà sílẹ̀. Ìyá kò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ ti wò ó, ó ti fi wé èkejì, ó sì ti tún èrò ara rẹ̀ ṣe.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Lively Minds gbé kalẹ̀ ní àwọn abúlé apá àríwá Ghana. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá, tó fi mọ́ àwọn tí kò fẹsẹ̀ kan iléèwé rí, bí wọn yóò ṣe máa wá sí KG ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ láti bá àwọn ọmọ ṣeré: kíka nǹkan, ṣíṣa èyí tó jọra, kíkọ́ nǹkan sókè, wíwo ìwé. Ọṣẹ ni ọmọ kọ́kọ́ fi ń fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan ìṣeré. Àwọn olùwádìí fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé 80 ní ẹkùn Upper East wéra, àwọn tó gba ètò náà àti àwọn tí kò gbà á. Ọmọ àwọn abúlé tó gbà á yege jù nínú ìdánwò òye, ara wọn sì le jù. Ètò náà kò kọ́ wọn ní ábídí lákọ̀ọ́sórí.

Nílé, bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran àti àlọ́ alẹ́ kò ná òbí ní kọ́bọ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kéwú ni ọmọ ti kọ́kọ́ jókòó, àǹfààní ni: ó ti mọ bí a ṣe ń tẹ́tí, ó sì ti mọ bí a ṣe ń dúró de ẹni tó kàn.

Ọwọ́, ìtọ̀ àti oúnjẹ

Kẹ́tù rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Tamale. Òun náà ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọwọ́ fífọ̀: kó gbé e fúnra rẹ̀, kó da omi díẹ̀, kó fi ọṣẹ fọ àárín ìka, kó tún da omi sí i. Kó tún mọ bí a ṣe ń bọ́ ṣòkòtò àti bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ padà, nítorí tíṣà kan kò lè ṣe é fún gbogbo kíláàsì. Kókò, ìyẹn ògì gbígbóná, àti àkàrà kó tó kúrò nílé dára ju owó tí a kàn fi lé e lọ́wọ́. Ìjọba ti ń se oúnjẹ ọ̀sán ní àwọn iléèwé kan láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iléèwé ló kàn, kí òbí béèrè ní tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Àwọn ìjòyè ìjọba máa ń lọ kí àwọn ọmọ tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní “My First Day at School”, pẹ̀lú bisikíìtì àti ohun mímu. Ọjọ́ kejì, tí kò sí àlejò mọ́, ni ẹkún sábà máa ń pọ̀. Kí òbí má yọ́ lọ. Kó sọ fún ọmọ pé òun ń lọ, kó sọ ẹni tí yóò wá mú un àti ìgbà tí yóò dé, kí ẹni náà sì dé nígbà náà. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá tí ọmọ ṣì ń sunkún lójoojúmọ́, tàbí tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí òbí lọ bá tíṣà, kí wọ́n sì jọ lọ rí nọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, etí ni kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Tamale Teaching Hospital wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò, iléèwé àwọn adití sì wà ní Savelugu, tí kò jìnnà sí Tamale.