Ọmọ Èjìgbò tó ń lọ kàwé ní Abidjan: ìwé wo ló nílò?

Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èèyàn kì í ka Abidjan ní Côte d'Ivoire sí ìdálẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láàárín ìlú, ó ń gba ibodè Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá títí tó fi débẹ̀. Èdè Faransé ń dún lọ́jà bí ẹni pé Treichville ní Abidjan la wà. Bàbá àgbà ti lọ, bàbá ti lọ, ìyá ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀, owó ọkọ̀ ni ilé máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wàhálà ìwé, ti àwọn tó ń lọ London ni wọ́n kà á sí.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Àdéhùn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibi tó wà, ọdún ẹ̀kọ́ kan sì ju 90 ọjọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìgbélùú kún un ní 1986, ẹni tó ń wá iṣẹ́ ajé ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ẹni gbàgbé akẹ́kọ̀ọ́ sílé ni wọ́n ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà ni kíkà 90 ọjọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́. Dẹ́rẹ́bà á gba owó ibodè lọ́wọ́ gbogbo èrò, á lọ bá àwọn aṣọ́bodè yanjú ẹ̀, ọkọ̀ á sì kọjá. Ojú ewé ìwé ìrìnnà á wà ní funfun báláú. Ó rọrùn lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹ̀kọ́ bá béèrè ọjọ́ tí ọmọ wọ̀lú, kí ló fẹ́ fi hàn?

Àwọn àgbà tó ti gbé Abidjan mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe lè korò tó. Ní 1990, láyé Ààrẹ Houphouët-Boigny, ìjọba gbé ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní carte de séjour jáde, àlejò ní láti fowó gbà á, ẹni tí wọn kò bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ wọ gàù. Ọdún 2007 ni wọ́n tó yọ ọmọ ECOWAS kúrò nínú ẹ. Lóde òní, ìwé ìrìnnà tàbí káàdì tí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni èèyàn fi ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀ tún yàtọ̀. Côte d'Ivoire kì í wo ibi tí a bí ọmọ sí. Bí bàbá àti ìyá méjèèjì kò bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, àlejò lọmọ náà. Òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n bó bá padà wálé, tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB kó lè wọ ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ni wọ́n máa béèrè, wọn ò ní béèrè oríkì ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀nà òkè òkun ti há. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Britain ti ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ má mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, oṣù yẹn náà ni Canada kéde pé òun máa fi gbèdéke sí iye ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́. Ojú wá ń yí sí ìtòsí. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì oṣù kan náà, Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré.

Òbí tó ń múra sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Tí ọmọ bá sì dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀.